Orí Kẹfà: Ẹnà Orí Wáyà

Ẹni tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wọ Houston, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pápákọ̀ òfurufú George Bush ni yóò sọ̀ sí. Bó bá bọ́ sórí òpópónà ńlá tó yí ìlú náà po, èyí tí wọ́n ń pè ní Beltway 8, tó sì kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ibi tí ọ̀nà náà ti pàdé Interstate 45. Greenspoint nìyẹn. Ilé ìtajà ràgàjì kan tó ṣí ní 1976 ló sọ àdúgbò náà di gbajúmọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì kọ́ ilé gogoro sí ìtòsí rẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó yá, olè àti ìpànìyàn gbòde níbẹ̀, ni àwọn ará Houston bá yọ lẹ́tà díẹ̀ kúrò nínú orúkọ rẹ̀, wọ́n fi "gun", èyí tí í ṣe ìbọn, rọ́pò "green". Greenspoint di Gunspoint. Àwàdà kékeré ni, ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì ń ta ni lára.

Ní ìparí ọdún 1990, láàárín Kérésìmesì àti ọdún tuntun, àwọn aláwàdà mìíràn wọ àdúgbò náà. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní North Belt East ni wọ́n forí lé. Ọ̀pọ̀ wọn ti mọ ara wọn fún ọdún mélòó kan, síbẹ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí. Ìnagijẹ ni wọ́n fi ń pe ara wọn, orí tẹlifóònù ni kọ̀ǹpútà wọn ti ń pàdé. Wọ́n pe ìpàdé náà ní XmasCon. Nígbà tó di ọdún kejì, orúkọ rẹ̀ yí padà sí HoHoCon, nítorí "ho ho ho" ni ẹ̀rín Bàbá Kérésì. Ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ ilé ìwé ìbá pe irú wọn ní èfíkò. Ayé ń pè wọ́n ní háákà.

Ọ̀rọ̀ orí yìí ni ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àti ìdí tí ẹlòmíràn fi lè gbọ́ àwàdà kan náà kó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá.

Ìlù olóhùn méjì

Wáyà tẹlifóònù ni ìtàgé wọn. Ohùn èèyàn sì ni wọ́n ṣe wáyà náà fún, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Òdo àti ookan ni kọ̀ǹpútà gbọ́, ohùn sì ni wáyà lè gbé. Módẹ̀mù ni ògbufọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Yorùbá tó bá mọ bí módẹ̀mù ti ń ṣiṣẹ́ yóò rántí dùndún. Onílù a máa fún ọsán mọ́ra kí ohùn lè ròkè, a máa dẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè wálẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ohùn méjì péré ni irú módẹ̀mù tí wọ́n ń pè ní Bell 103 fi ń sọ tirẹ̀. Bí ẹni tó pe ẹnìkejì bá fẹ́ fi òdo ránṣẹ́, módẹ̀mù rẹ̀ á hu ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 1,070 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ ookan, ohùn á gbọ̀n nígbà 1,270. Ẹni tí a pè ní ohùn méjì tirẹ̀, 2,025 àti 2,225, kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì má bàa dàrú mọ́ra lórí wáyà kan ṣoṣo.

Ìlù náà kò yára. Òdo àti ookan 300 ló lè lù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mẹ́wàá ni lẹ́tà kan sì ń gbà, nítorí náà lẹ́tà 30 péré ló ń kọjá. Ojú kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, ìlà 25 tí lẹ́tà 80 wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó wọlé tán. Nígbà tí módẹ̀mù yíyára dé, tó ń lu 2,400, iṣẹ́ yìí kan náà gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwòrán kan tí ẹnikẹ́ni lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lónìí, tó tó báìtì 300,000, sórí módẹ̀mù àkọ́kọ́ yẹn. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta ni yóò fi wọlé, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò bá gbé tẹlifóònù láti pe ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń pe ìlú mìíràn yóò sì san owó gbogbo ìṣẹ́jú náà.

Ìdí nìyí tí àwàdà àwọn èfíkò ìgbà náà fi jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, tó sì kúrú. Kò sí àwòrán, kò sí ohùn. Ibi tí wọ́n ń fi í sí ni pátákó ìkéde orí kọ̀ǹpútà. Ward Christensen àti Randy Suess ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Chicago, ní 1978, lẹ́yìn tí yìnyín ńlá ti sé wọn mọ́lé. Kọ̀ǹpútà kan ní yàrá ẹnìkan ni, wáyà tẹlifóònù kan ló so mọ́ ọn, èèyàn kan ṣoṣo ló sì lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wọlé á ka ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọ, á kọ tirẹ̀ sílẹ̀, á sì gbé fóònù kalẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí àyè.

Àwàdà tí kò ní ohùn

Gbogbo Yorùbá ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó kọ "oko" ránṣẹ́ láìfi àmì sí i lè ní oko àgbàdo lọ́kàn. Ó lè jẹ́ ọkọ tó fẹ́ ẹ níyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, tàbí ohun kan tí a kì í dárúkọ níwájú àgbà. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, ohùn á yanjú rẹ̀.

Irú ìṣòro yìí gan-an ló bá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1982. Orí pátákó wọn ni wọ́n ti ń bá ara wọn ta yẹ̀yẹ́ nípa ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí okùn ẹ̀rọ agbéniròkè bá já. Ẹnìkan fi àwàdà kọ ọ́ pé mẹ́kúrì ti dà sínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ẹni tó kà á láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rò pé ìkìlọ̀ gidi ni. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù náà, Scott Fahlman dábàá pé kí ẹni tó bá ń ṣàwàdà máa fi àmì mẹ́ta yìí sí ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀: :-) Ẹni tó bá tẹ orí rẹ̀ sí apá òsì yóò rí ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ojú yẹ́lò tó kún inú fóònù wa lónìí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àmì náà ni wọ́n.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tí àmì kékeré yìí ń ṣe. Ní 2010, Peter McGraw àti Caleb Warren gbé èrò kan jáde pé ẹ̀rín máa ń wáyé bí nǹkan méjì bá pàdé nígbà kan náà: ohun kan ti kọjá ààlà, ẹni tó ń wò ó sì rí i pé kò pani lára. Bí àgbàlagbà tó wọ agbádá bá yọ̀ ṣubú lójú agbo, tó dìde, tó gbọn eruku nù, agbo á rẹ́rìn-ín. Bó bá dùbúlẹ̀ tí kò mira, ẹ̀rín á pòórá lẹ́nu gbogbo wọn.

Wáyà tẹlifóònù ń gbé ohun àkọ́kọ́ lọ láìyọ nǹkan kan nínú rẹ̀: ìhàlẹ̀, ìsọkúsọ, ọ̀rọ̀ burúkú. Ohun kejì ni kò lè gbé, ìyẹn ojú tó ń ṣẹ́, ètè tó ń mì, ohùn tó sọ fún ẹni tó gbọ́ pé eré ni. Ẹni tó mọ aláwàdà náà á fi ọkàn ara rẹ̀ fi èyí tó kù kún un. Àlejò kò rí nǹkan fi kún un.

Ẹgbẹ́ Òkú Màlúù

Ní Oṣù Kẹfà, ọdún 1984, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Houston Rockets mú Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, ṣáájú gbogbo àwọn tó kù nínú ìyàn ọdún náà. Ìròyìn náà tàn ká gbogbo Texas. Ohun tí kò tàn ká rárá ni pé, ní oṣù yẹn kan náà, ní Lubbock tó fi ju 700 kìlómítà jìnnà sí Houston, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìpẹran tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Nítorí ibi tí wọ́n ti ń pàdé, wọ́n pe ara wọn ní Cult of the Dead Cow, ìyẹn Ẹgbẹ́ Awo Òkú Màlúù.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ awo yìí ni kíkọ fáìlì ọ̀rọ̀: ìtàn àròsọ, ẹ̀gàn, ìsọkúsọ, ìtọ́ni bí a ti ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan, gbogbo rẹ̀ lù pọ̀ mọ́ra. Wọ́n ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n sì ń fi í sí orí pátákó kan, àwọn òǹkàwé á dà á kọ lọ sí òmíràn. Orí màlúù tí wọ́n fi ìlà àti àmì ìkọ̀wé yà ni òǹtẹ̀ wọn.

Kò sí ẹni tó lo orúkọ àbísọ. Ẹni tó jẹ́ olórí wọn ń jẹ́ Grandmaster Ratte'. Yorùbá tó ti rí ìyàwó ilé kò ní yà á lẹ́nu. Ìyàwó tí kò gbọ́dọ̀ pe àbúrò ọkọ lórúkọ á fún un ní ìnagijẹ: Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Akọ̀wé. Orúkọ náà ń bọ̀wọ̀, ó sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ẹni tó wá láti òde kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ìnagijẹ orí wáyà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì tún ń bo ẹni tó ni í mọ́lẹ̀. Ó bo ẹnìkan dáadáa. Ní Oṣù Kẹta, ọdún 2019, nígbà tí Beto O'Rourke ará El Paso ń jáde dupò ààrẹ Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters tú u síta pé òun ni ọmọ ẹgbẹ́ Òkú Màlúù tó ń jẹ́ Psychedelic Warlord nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, tó ń jẹ́ Drunkfux, ló ṣètò HoHoCon. Ẹ̀jẹ̀ aláwàdà wà lára rẹ̀ ní tòótọ́: iyèkan Charlie Chaplin, òṣèré tó ń wọ ṣòkòtò bàǹtàlà tó sì ń fi ọ̀pá tẹ̀lẹ̀, ni bàbá bàbá rẹ̀.

Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ

Ọmọ Yorùbá tó bá ti ta ẹnà rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí tó kàn. Ẹnà ni ọ̀rọ̀ tí a dà rú kí ẹni tí a kò fẹ́ kó gbọ́ má bàa gbọ́. Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Nínú ọ̀kan, a óò fi sílébù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "g" tẹ̀ lé sílébù kọ̀ọ̀kan, fáwẹ́lì àti ohùn rẹ̀ yóò sì bá ti èyí tó ṣáájú mu. "Mo fẹ́ lọ" á di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ." Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ iṣẹ́ ìwádìí kan lórí rẹ̀ ní 1982. Àwọn ọmọdé a máa ta á níwájú àgbà, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín kèékèé. Ohun tí wọ́n sọ kì í sábà jẹ́ àṣírí kankan. Ìgbádùn rẹ̀ ni pé àgbà kò gbọ́.

Ẹnà àwọn háákà ń fi nọ́ńbà rọ́pò lẹ́tà tó bá jọ ọ́. 3 dúró fún E, 1 fún L, 7 fún T, 0 fún O. Ọ̀rọ̀ náà "elite", èyí tó túmọ̀ sí àwọn àṣàyàn, bẹ̀rẹ̀ sí í di "eleet", ó sì parí sí 31337. Ó ní ìwúlò tirẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ kan pàtó kò lè rí i mọ́ bí lẹ́tà rẹ̀ bá ti di nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, eré ló kù. Ẹni tó bá lè ka 31337 ti fi hàn pé ọmọ ilé ni òun, ẹni tó bá ń lò ó jù sì ti fi hàn pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wọ ẹgbẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà háákà fi ń lò ó láti fi àwọn tó ń lò ó ṣẹ̀fẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹjọ, ọdún 1998, Ẹgbẹ́ Òkú Màlúù gbé àwàdà yìí wọ inú kọ̀ǹpútà tààrà. Níbi ìpàdé àwọn háákà tó ń jẹ́ DEF CON, ní Las Vegas, wọ́n gbé ètò kan jáde tó lè jẹ́ kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn máa darí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows láìjẹ́ kí oníkọ̀ǹpútà mọ̀. Wọ́n fẹ́ fi han Microsoft àti aráyé pé ààbò Windows kò nípọn. Microsoft ní ọjà kan tó ń jẹ́ BackOffice. Wọ́n sọ tiwọn ní Back Orifice, ìyẹn ihò ẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà tí ètò náà ń gbà wọlé nínú kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tirẹ̀ bíi ti gbogbo ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. 31337 ni wọ́n fún un.

Ìjọba kò rẹ́rìn-ín

Ọdún tí wọ́n pàdé ní Greenspoint kì í ṣe ọdún eré fún wọn. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹta, ọdún 1990, àwọn òṣìṣẹ́ Secret Service, agbófinró ìjọba Amẹ́ríkà, ya wọ ilé iṣẹ́ Steve Jackson Games ní Austin. Eré orí tábìlì ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe, irú èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ ń jókòó yí ká tí wọ́n ń ju ayò. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà lọ, wọ́n sì kó ìwé eré tuntun kan tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde, GURPS Cyberpunk, tó dá lórí àwọn háákà ọjọ́ iwájú. Háákà kan tó ń jẹ́ The Mentor ló kọ ọ́. Steve Jackson sọ pé àwọn agbófinró náà pè é ní ìwé ìtọ́ni fún ọ̀daràn kọ̀ǹpútà. Ìtàn àròsọ ni wọ́n dì mú bí ẹ̀rí. Ní 1993, adájọ́ Sam Sparks dá ilé iṣẹ́ náà láre, ó sì pàṣẹ pé kí ìjọba san owó ìtanràn tó tó $50,000 fún un, yàtọ̀ sí owó agbẹjọ́rò.

Ní Oṣù Keje, ọdún 1990 yẹn, ó kan Knight Lightning, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú Phrack, ìwé ìròyìn orí kọ̀ǹpútà tí àwọn háákà ń kà. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Chicago nítorí pé ó tẹ ìwé ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan jáde, tó dá lórí bí nọ́ńbà pàjáwìrì 911 ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn olùpẹ̀jọ́ ní ìwé náà tó $79,449. Agbẹjọ́rò rẹ̀ fi hàn pé ẹnikẹ́ni tó bá ní $13 lè fi ra irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ẹjọ́ náà fọ́ kí wọ́n tó dé ìdajì rẹ̀. Oṣù keje náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Electronic Frontier Foundation sílẹ̀ láti máa jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà.

Èrò McGraw àti Warren bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Àwọn tó kọ fáìlì rí ààlà tí wọ́n kọjá, wọ́n sì mọ̀ pé eré ni. Agbófinró tó gba fáìlì kan náà láti ọwọ́ ẹni tó mú ẹjọ́ wá rí ààlà nìkan. Kì í ṣe pé gbogbo wọn mọ́ o. Àwọn kan nínú wọn ń jí ìpè tẹlifóònù jẹ, àwọn kan ń wọ kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiwọn. Àmọ́ lórí wáyà, olè gidi àti ọmọ tó ń fọ́nnu jọra délẹ̀délẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n ń sọ pé àwọn ti jí ayé gbé.

Ohun tí HoHoCon wá ṣe sí i rọrùn: ó ké sí àwọn akọ̀ròyìn àti agbófinró wá síbi ìpàdé. Ojú wá rí ojú. Ẹni tí wọ́n rò pé ó jẹ́ ẹ̀rù inú òkùnkùn wá di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń jẹ písà. Nígbà tí DEF CON bẹ̀rẹ̀ ní Las Vegas ní 1993, wọ́n sọ èyí náà di eré. Orúkọ eré náà ni "Spot the Fed": ẹni tó bá fura sí ẹnìkan láàárín èrò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni, á nawọ́ sí i níwájú gbogbo agbo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó nawọ́ á gba ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òun mú agbófinró. Agbófinró náà á gba ẹ̀wù tirẹ̀.

Ojú Ọdúnladé

Wáyà ti fẹ̀ báyìí. Àwòrán tó ń gba wákàtí méjì àtààbọ̀ ó lé díẹ̀ ń wọlé kí olówó fóònù tó ṣẹ́jú, ojú tí wáyà gbà lọ́wọ́ àwọn èfíkò Texas sì ti padà wá. Ní Nàìjíríà, ó padà wá pẹ̀lú ojú Ọdúnladé Adékọ́lá. Òṣèré yìí, tó dàgbà ní Abẹ́òkúta, ti ṣe ojú ẹ̀rù, ojú ìyàlẹ́nu, ojú ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀ gbé, nínú àìmọye fíìmù Yorùbá. Àwọn èèyàn gé ojú kọ̀ọ̀kan kúrò nínú fíìmù, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sí i lórí, ó sì ń lọ láti fóònù dé fóònù. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ń lò ó. Ọ̀pọ̀ tó ń fi ránṣẹ́ kò wo fíìmù náà rí.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Richard Dawkins ti fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ ní 1976, ọdún tí ilé ìtajà Greenspoint ṣí. Ó pè é ní "meme": èrò, orin tàbí àṣà tó ń ti orí ẹnìkan bọ́ sí orí ẹlòmíràn, tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ, bí àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Èyí tó bá rọrùn láti dà kọ tó sì wọni lọ́kàn ló ń pẹ́ láyé. Fáìlì Òkú Màlúù bá ìwọ̀n wáyà tó kéré mu. Ojú Ọdúnladé bá ti wáyà tó gbòòrò mu.

Àmì ohùn nìkan ni kò tíì padà dé tán. Ọ̀pọ̀ fóònù kò jẹ́ kó rọrùn láti fi àmì sórí lẹ́tà Yorùbá, nítorí náà ẹni tó ń kọ "oko" ránṣẹ́ ṣì ń fi orí òǹkàwé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹta, ọdún 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè fún ọjọ́ kan tí gbogbo ọmọ Yorùbá yóò fi èdè wọn kọ̀wé lórí Twitter, kí ilé iṣẹ́ náà lè rí i pé àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀. Òwe àti yẹ̀yẹ́ wà lára ohun tí àwọn èèyàn kọ, ọ̀pọ̀ sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i, àwọn tó kà á sì mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ní Greenspoint, orúkọ North Belt ti yí padà. Sam Houston Parkway ni wọ́n kọ sára pátákó ojú ọ̀nà báyìí. Ọkọ̀ tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nọ́ńbà 31337 ṣì wà lára àwọn ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ aṣọ́nà inú kọ̀ǹpútà ń fura sí. Bí ohunkóhun bá kàn án lóru, ẹ̀rọ náà á kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti wá, kò sì ní kọ ìdí tí wọ́n fi yan nọ́ńbà náà.